Ohùn Ìyá Àgbà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Nù

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọpẹ́ ni mo gbé wá láàárọ̀ yìí, àmọ́ omijé wà nínú ọpẹ́ náà. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá dúró síwájú èèyàn, àyà mi á máa já, màá sì sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n ya wèrè ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyanu ni mò ń jẹ́, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé wa ní Bẹyẹrúnkà mọ̀ pé Mùsùlùmí ni gbogbo agbo ilé. Bàbá mi nìkan ló di onígbàgbọ́ nígbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Tó bá di Kérésì, wọ́n á wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Tó bá di Iléyá, àwa náà á lọ jẹ tiwọn. Bàbá Mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agbo ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ìyá Àgbà ló bí àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí Ìyá Àgbà mọ̀ nínú ilé wa.

Ohun tí wọ́n mọ̀ náà rèé. Láyé àtijọ́, inú ilé làwọn èèyàn wa ń sin òkú sí. Ilé amọ̀ ni apá ẹ̀yìn ilé wa, yàrá mẹ́jọ, ó sì ti ń wó. Ní àsìkò òjò tó kọjá, ògiri kan ya lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èèyàn sùn sí. Bàbá Mọ́gàjí wá ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tún un kọ́. Àmọ́ sàréè wà lábẹ́ àwọn yàrá kan, kò sì sí lábẹ́ àwọn mìíràn. Sìmẹ́ńtì ti bo gbogbo rẹ̀, kò sí àmì kankan. Bí bíríkìlà bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ láìmọ̀, ọkọ́ á kan eegun. Bàbá Mọ́gàjí ní, "Èmi ò ní jẹ́ Mọ́gàjí tó fi ọkọ́ ṣá bàbá rẹ̀ o."

Ìyá Àgbà nìkan ló mọ ẹni tó sùn sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé mo kàwé, mo sì ní láptọ́ọ̀pù, èmi ni wọ́n ní kí n gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀sán mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó ti Ìyá Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì, fóònù mi wà lórí àpótí níwájú wọn. Orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn dé ẹ̀yìn, wọ́n ń fi ẹnu rìn ín láti yàrá dé yàrá. Wọn kì í kàn sọ pé lágbájá wà níbí. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ bí lágbájá ṣe ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó fẹ́, ohun tó pa á, àti ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń pè mí.

"Àbẹ̀kẹ́, nǹkan yìí ò ní máa ro ẹjọ́ wa kiri ṣá?"

"Rárá, Ìyá. Inú rẹ̀ ló máa wà."

"Ọ̀rọ̀ tó tó báyìí, inú nǹkan pẹlẹbẹ yẹn? Ikùn rẹ̀ mà tóbi o!"

Fóònù mi kún, mo bá kó gbogbo rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù, mo sì nù ún kúrò lórí fóònù. Mo ní màá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tó bá yá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, ẹ ṣọ́ra fún "tó bá yá." Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú Ìyá Àgbà. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu wọn. Ọjọ́ tí mo rí wọn lórí ẹní tí wọ́n ń wo àjà, tí wọn ò lè pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo sunkún títí. Àmọ́ mo fi nǹkan kan tu ara mi nínú: ohùn wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwàásù ọjọ́ kan wáyé nínú ìjọ yìí. Bàbá Olùṣọ́àgùntàn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ wàásù rẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ ní olè kì í ṣe ẹni tó ń fo fèrèsé nìkan. Ẹ ní ẹni tó ń fa iná gba ẹ̀yìn mítà, olè ni. Ẹni tó ń lo Windows tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà láìsanwó, olè ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí ó dà bíi pé ojú mi lẹ wò tẹ́ ẹ fi sọ ọ́. Windows tó wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, jíjí ni. Bùọ̀dá Mùfú tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Bẹẹrẹ ló bá mi fi sí i nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Mo sọ fún ọkàn mi pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe, ọkàn mi ò gbà. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán láti bí ọdún méjì, mi ò tíì ríṣẹ́. Bí mo bá ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, màá máa bi ara mi pé, ṣé nítorí ohun olè tí mo fi ń kọ ọ́ ni wọn ò fi dá mi lóhùn? Ẹ wo bí ọkàn ẹni tí ẹ̀rù ń bà ṣe máa ń so nǹkan pọ̀ mọ́ra.

Mo wá kà á pé Linux wà, pé ó lè ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, tí wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni wò ó, kó tún un ṣe, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, Olúwa, o ti pèsè sílẹ̀ fún mi.

Àárọ̀ Sátidé kan, mo gbààwẹ̀, mo jókòó ti láptọ́ọ̀pù. Mo kó àwọn ìwé tó wà ní C sórí fláàṣì. D ni ohùn Ìyá Àgbà wà, mi ò kó o. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà nílùú yìí mọ̀ pé C àti D ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. C ni Windows ń gbé. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe wérewère, ẹnjiníà á fọ C, á fi Windows tuntun sí i, kò ní fọwọ́ kan D. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí gbogbo wọn máa ń fúnni ò ju ọ̀kan lọ: kó ẹrù rẹ sí D, D kì í lọ. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà á bí ẹni gba ọ̀rọ̀ alùfáà gbọ́.

Nígbà tí Linux fẹ́ wọlé, ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ṣé kí òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbé? Àbí kí òun nu gbogbo rẹ̀ kúrò, kó ku òun nìkan? Ẹ̀yin ará, ẹni tí ò tilẹ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ sí nǹkan kan ì bá mú ti àkọ́kọ́, ẹrù rẹ̀ ì bá sì wà títí dòní. Èmi ni mo ní ṣé ohun mímọ́ á wá máa bá ohun olè gbé ni? Mo ní, Olúwa, mi ò ṣe ààbọ̀. Mo tẹ èkejì. Ó tún bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo dáhùn sókè nínú yàrá, "Ó dá mi lójú!" Mo sì tẹ̀ ẹ́.

Mo jó lọ́jọ́ náà. Kò sì pẹ́ tí ìyà fi bẹ̀rẹ̀. Linux ò rí wáì-fái, wáyà ni mo fi ń so fóònù mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá wọn tẹ̀wé ní Ọjà'ba ò dá a mọ̀. CV mi ṣí, ó fọ́n ká sójú ewé mẹ́rin, orúkọ mi wà lókè, àdírẹ́sì mi wà nísàlẹ̀ ewé kejì. Bí mo bá béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní kí n ṣí ojú dúdú kan, kí n kọ báyìí báyìí síbẹ̀. Mo ń da ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kọ, bí ọmọ ilé kéú tó ń ka wàláà. Èyí tó bá ní kí n gbà wọlé, màá gbà á wọlé. Ojoojúmọ́ ni mò ń kó nǹkan sínú kọ̀ǹpútà náà, tí mò ń sọ pé yóò dára.

Mo wá D, mi ò rí i. Mo kà á níbì kan pé Linux kì í pe nǹkan ní C àti D, orúkọ mìíràn ló ń pè é. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ó wà níbẹ̀, ó kàn fara pamọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gba èyí gbọ́, tí mò ń wá a káàkiri. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lọ́nà kan tí mi ò lè ṣàlàyé. Ó dà bíi kéèyàn dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kó máa kanlẹ̀kùn, kó sì ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé.

Bàbá Mọ́gàjí ránṣẹ́ pè mí. "Ìyanu, ìwé wa ńkọ́? Bíríkìlà ò jẹ́ n sinmi mọ́."

"Mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, sà."

"Ó dé yàrá wo?"

"Yàrá kẹta, sà."

"Ó káre, ọmọ mi. Àwọn tó bí ẹ ò bí òfo."

Mi ò tíì tẹ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ gbọ́ o, mo sá fún olè jíjà, mo wá di òpùrọ́, iwájú àgbàlagbà tó sì ń súre fún mi ni! Ẹ má bi mí bóyá mi ò rántí ohun tí Ìyá Àgbà sọ. Ẹ̀rín ni mo rántí. Orúkọ àwọn tó gbé yàrá náà kí wọ́n tó bí bàbá mi ni wọ́n fi ń pe yàrá kọ̀ọ̀kan, èmi sì ń mi orí, mò ń sọ pé ẹ̀rọ ń gbọ́. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ ọ dípò mi.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ọ̀dọ̀ Bùọ̀dá Mùfú ní Bẹẹrẹ. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n kígbe.

"Ha! Ta ló fi èyí sí i fún ẹ? O ti di òyìnbó!"

"Èmi ni, bùọ̀dá. D mi ni mò ń wá."

"D wo?"

"D tí mo kó ẹrù mi sí. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé D kì í lọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n fa àga, wọ́n ní kí n jókòó. "Ìyanu, èmi ni mo sọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ kí n fọ C ni mo ń sọ. Yàrá méjì nínú ilé kan ni C àti D. Mo lè gbá yàrá kan kí n má dé èkejì. Ìwọ, o ò gbá yàrá, gbogbo ilé lo wó. Kí ló dé tó ò ní kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows?"

Mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọlẹ́yìn Jésù yìí! Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"O sì ń kó nǹkan sí i láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Yàrabì! Pa á. Má tan án mọ́. Gbogbo ohun tuntun tó ò ń kó sí i, orí èyí tó ò ń wá lò ń kó o lé."

Ilẹ̀ ibẹ̀ ni mo jókòó sí, mi ò rántí àga. Mo ní ẹni tó sin òkú lórí òkú, kí ni Ọlọ́run fẹ́ fi í ṣe? Mo fẹ́ sọ òtítọ́ nínú ilé Ọlọ́run: mi ò gbàdúrà lọ́jọ́ náà. Inú ń bí mi sí Olúwa. Mo ní nítorí tìrẹ ni mo ṣe é. Ká ní mo jẹ́ olè jẹ́jẹ́ bíi ti gbogbo ayé, ohùn Ìyá Àgbà á wà lọ́wọ́ mi. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, mi ò lè jẹun, mi ò wá sí ìpàdé akọrin. Mo purọ́ pé ọ̀fun ń dùn mí. Irọ́ kejì nìyẹn.

Ẹni tí mi ò lérò ló gba àdúrà fún mi. Bùọ̀dá Mùfú tú díìsì inú láptọ́ọ̀pù náà síta, wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tiwọn, wọ́n fi ohun èlò kan tó ń ṣa ẹrù tí a ti nù wá inú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ohun èlò náà, orí Linux ló sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní, "Bísímílà," kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ṣe àmín. Ọjọ́ méjì ló fi ṣa nǹkan. Nígbà tó parí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan ló kó jáde, kò sí èyí tó ní orúkọ, nọ́ńbà lásán ni gbogbo wọn ń jẹ́. Mo fi íápíìsì sétí, mo ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin. Ìwàásù. Ohùn olùkọ́ wa ní yunifásítì. Ariwo lásán. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ìrètí mi ń tán lọ bí epo fìtílà. Lọ́sàn-án ọjọ́ karùn-ún, mo ṣí ọ̀kan, mo gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ kan tó ń kọjá lójú títì, mo wá gbọ́ pé, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó ti ń gbọ́ mi?"

Mo pariwo. Bùọ̀dá Mùfú sáré wọlé, wọ́n rò pé iná gbé mi. Ògo fún Ọlọ́run!

Àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Nínú mẹ́sàn-án, méjì àti ààbọ̀ ló padà. Méjì tó pé, ìtàn bí ìdílé wa ṣe dé Ìbàdàn ló wà nínú rẹ̀, kò kan yàrá. Ààbọ̀ yẹn nìkan ló kan yàrá. Ìyá Àgbà ní, "Yàrá ìyàwó Làmídì, èyí tó dojú kọ kànga, ẹni tó sùn síbẹ̀ ni..." Kíkùn lásán ló tẹ̀ lé e. Mo ṣí i tó ogún ìgbà. Ibì kan náà ló ń já sí.

Mo wá mọ̀ pé irọ́ ti tán. Lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Mọ́gàjí nínú yàrá Ìyá Àgbà, bàbá mi wà níbẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá Mọ́gàjí ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo, ì bá sàn.

"O pa ohùn ìyá mi rẹ́."

"Ẹ forí jì mí, sà."

"O sì ní o ti dé yàrá kẹta."

Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí tó kù. Mo tẹ ààbọ̀ yẹn lórí fóònù. Ohùn Ìyá Àgbà kún inú yàrá, ohùn tí a ò gbọ́ láti oṣù mẹ́ta ó lé, Ìyá Àgbà fúnra wọn sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Wọ́n yí ojú padà sí fóònù. Ó dé ibi tó ń já sí, ó já. Bàbá Mọ́gàjí mi orí. Wọ́n ní, "Bóyá Súnmọ́nù ni wọ́n fẹ́ dárúkọ."

Bàbá mi ní, "Súnmọ́nù kẹ̀? Àwọn ìbejì ni."

"Kí lo mọ̀? Wọn ò tíì bí ẹ."

"Ṣé wọ́n ti bí ẹ̀yin náà ni?"

Wọ́n ń jiyàn báyìí, ni a gbọ́ pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀. Ọwọ́ òsì Ìyá Àgbà ni. Wọ́n ń fi lu ẹní. Ojú wọn le, ojú tí wọ́n fi máa ń wò wá bí a bá da omi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Mọ́gàjí kúnlẹ̀ tì wọ́n. "Ìyá, ṣé Súnmọ́nù ni?" Ìyá Àgbà gbé ojú kúrò. "Ṣé àwọn ìbejì ni?" Wọ́n gbé ojú kúrò. Bàbá Mọ́gàjí ń dárúkọ lọ. Nígbà tí wọ́n dé orí Wúràọlá, tó kú sórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ òsì náà sọ̀kalẹ̀ sórí ẹní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi sì ń ṣàn lójú Ìyá Àgbà.

Ẹ̀yin ará mi, oṣù mẹ́ta la fi ń bọ́ wọn, tí a ń yí wọn padà, tí a ń fọ aṣọ wọn. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Ẹnu wọn ti dákẹ́, a rò pé ohun tí wọ́n mọ̀ náà ti lọ. Èmi pàápàá, ohùn wọn tó wà nínú ẹ̀rọ ni mò ń sunkún lé lórí, mi ò sì jókòó tì wọ́n láti ìgbà tí àrùn náà ti mú wọn.

Láti ọjọ́ kejì la ti ń gbé Ìyá Àgbà sórí àga oníke, bàbá mi mú ọ̀tún, Bàbá Mọ́gàjí mú òsì, tí a ń gbé wọn láti yàrá dé yàrá. Èmi ń kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú bírò. Ó tètè ń rẹ̀ wọ́n, yàrá kan lóòjọ́ ni. Mẹ́fà la ti ṣe. Nínú méjì tó kù, Ìyá Àgbà kàn wo ilẹ̀, wọn ò lu nǹkan kan, wọn ò sì gbé ojú kúrò. A ò mọ̀ bóyá kò sẹ́ni níbẹ̀ ni, tàbí wọ́n ti gbàgbé. Bàbá Mọ́gàjí ní bíríkìlà ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan méjèèjì. Ìtàn àwọn èèyàn yẹn, bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n fẹ́, kò lè padà mọ́. Ọwọ́ ò lè lu ìyẹn jáde lórí ẹní. Èmi ni mo nù ún. Mi ò tíì lè dárí ji ara mi, mo fẹ́ kí ẹ fi mí sínú àdúrà lórí ìyẹn.

Linux ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Wáì-fái rẹ̀ ò tíì jí. Mi ò padà sídìí ohun olè, àmọ́ mi ò tún fi ọkàn mímọ́ ṣe ìkánjú mọ́.

Àná, a gbé Ìyá Àgbà padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ dìde, wọ́n fi ọwọ́ òsì di apá aṣọ mi mú, wọn ò sì fi sílẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mi ò tan fóònù.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run ṣì dá àgbà yín sí, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká fi ògo fún un. Tẹ́ ẹ bá sì délé lónìí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan.